Bàbá Yìnyín àti Àfonífojì Tí Ẹsẹ̀ Kò Tẹ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó yín létí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún ṣáájú ti òsì. Kì í ṣe èèwọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi kọ́ ọ. Ìwádìí ló ṣe. Fún ogójì ọjọ́, ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń wọ̀. Fún ogójì ọjọ́ mìíràn, ti òsì. Ó ń kọ ohun tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá mú wá sínú ìwé: bóyá bọ́ọ̀sì tètè dé, bóyá òjò pa á, bóyá ẹnì kan kí i kí òun tó kí onítọ̀hún. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ tán, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ẹlòmíràn ì bá fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Òun ní, níwọ̀n bí kò ti sí ìyàtọ̀, kò sí ìdí láti yí padà, òsì ló sì wà lórí oyè nígbà tí ìwádìí parí. Ọdún kọkànlá rèé.

Bàbá Yìnyín ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́. Ọ́fíìsì tó ń ya máàpù ilẹ̀ ni, tirẹ̀ sì ni ti apá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti ń mú kí ilẹ̀ dì gbagidi dé ìsàlẹ̀ tí ọkọ́ kò lè dé. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ilẹ̀ tó dì ti jókòó nìyẹn. Rárá o. Omi inú rẹ̀ á dì, á wú, á gbé erùpẹ̀ sókè di òkìtì gàgàrà, bí ebè tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Níbòmíràn, àwọn òkúta á tò ara wọn ní róbótó róbótó, bí ẹni pé wọ́n ń dúró de alága ìpàdé. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, odindi ilẹ̀ á máa rọra yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ìwọ̀n ìka kan lọ́dún. Ẹni tó bá kọ́lé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn màlúù tó ń sùn ló kọ́ ọ lé. Ilé náà dára gan-an, títí màlúù á fi jí.

Àwọn òkè ibẹ̀ sì pọ̀ ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Nítorí náà, àwọn arìnlẹ̀ á rìn dé ìwọ̀nba ibi tí agbára wọn gbé, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Bàbá Yìnyín á wá fi ìṣirò sọ ti ibi tí wọn kò dé. Ó gé ilẹ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, ìlà kan fún ègé kan. Lórí ìlà náà ló kọ bí ibẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ́ tó, bí oòrùn ṣe ń yọ sí i, bí omi ṣe ń dúró sí i, bí òtútù rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà kan ló máa ń gbẹ̀yìn: oókan bí arìnlẹ̀ bá rí òkìtì níbẹ̀, òdo bí ó bá dé ibẹ̀ tí kò rí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà á wo gbogbo rẹ̀, á mọ irú ibi tí òkìtì fẹ́ràn, á wá sọ nípa ibi tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ rí pé: níbí, mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́hùn-ún, ọgọ́rin, ẹ má débẹ̀. Máàpù tó jáde láti inú rẹ̀ ní àwọ̀ pupa fún ilẹ̀ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, àwọ̀ búlúù fún èyí tó dákẹ́.

Bàbá Yìnyín fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Ọdún méjìlélógún ló fi ń sọ ibi tí ilẹ̀ á ti wú, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ kéré. Lẹ́yìn náà, ìyàwó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà, ìyàwó kò sí mọ́, kò sì sí ohunkóhun tó dí i lọ́wọ́ mọ́. Ìyẹn gan-an ló wá dí i lọ́wọ́ jù.

Àjà kẹrin ló ń gbé, yàrá méjì àti ilé ìdáná. Àga mẹ́rin ló yí tábìlì ká. Ó máa ń jókòó sórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la, kí wọ́n lè gbó bákan náà. Obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ajá kan. Ajá náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún Bàbá Yìnyín, obìnrin, ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ní aago mẹ́rin. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi sọ̀rọ̀ ló ń kọ sínú ìwé pélébé kan, nítorí pé ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sí ohun tó bá ṣe iyebíye ni pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí a bá pa á pọ̀ tí a pín in, ìṣẹ́jú méje ni. Tó bá ti di ìṣẹ́jú kẹfà, ó máa ń gbọ́ ọ nínú ohùn ọmọ náà pé ó ti ń wo ilẹ̀kùn.

Ọ̀kọ́lé ni ọmọ yìí, ó sì mọṣẹ́. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ kan tó ń bójú tó àwọn tó ń rin orí òkè gbé iṣẹ́ kan fún un: kó kọ́ ilé tí àwọn arìnrìn-àjò á máa sùn sí ní ilẹ̀ òtútù, níbi tí ìrìn ọjọ́ kan ti wà kí èèyàn tó rí òrùlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun nìkan máa ṣe ọ̀gá iṣẹ́ nìyẹn. Àfonífojì tí wọ́n máa kọ́ ọ sí, máàpù ni wọ́n fi yàn án. Búlúù ni lórí máàpù, mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá rẹ̀ ló ya máàpù náà. Lóòótọ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí ọmọ náà sọ fún un, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó kí ajá òdìkejì kí ajá tó kí i.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Obìnrin arìnlẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé wọlé wá pẹ̀lú àpò kan. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún rin àwọn òkè lọ́hùn-ún, ó ń fẹ̀yìn tì, ó wá kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá Yìnyín."

"Ẹ kú ìrìn. Orúnkún yẹn ńkọ́?"

"Òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú mi. Mo kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Ó to ìwé mọ́kànlá sórí tábìlì. Wọ́n ń rùn èéfín àti òjò. Ó wá gbójú sókè wo máàpù ńlá tó wà lára ògiri, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi apá awò náà kan tọ́ka sí àfonífojì kan.

"Ta ló sọ fún yín pé ibí yìí dákẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ òdo síbẹ̀. Ègé ilẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Mo rántí iye rẹ̀."

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò débẹ̀ rí láyé. Lọ́dún yẹn, omi kún, ó ti gbé afárá lọ. Mo dúró létí omi bí ìyàwó tí wọ́n gbàgbé síbùdókọ̀. Mo jẹ búrẹ́dì mi tán, mo yí padà. Èèyàn ò dé ilé ẹnì kan, kó wá máa sọ pé wọn ò sí nílé?"

"Ẹ kọ òdo."

"Ẹ ṣí ìwé."

Wọ́n ṣí i. Ojú ewé náà funfun báláú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ya afárá tó já sí, tó sì kọ *omi kún, ebi ń pa mí* sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ọkùnrin náà, ó gbé ẹ̀rín mì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí òun kò ní sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò nígbà náà kì í gba àlàfo. Ìlà tí nọ́ńbà ìparí rẹ̀ bá ṣófo, kò ní kà á, á máa dún pìn-pìn-pìn bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wọṣẹ́ náà lánàá mọ ohun tó yẹ kí a ṣe: kí a yọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kúrò, kí kọ̀ǹpútà má fi kọ́gbọ́n. Bàbá Yìnyín fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tuntun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni, ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn ní kó lọ sinmi nílé. Ó délé, ó bá àga mẹ́rin. Ó padà sí ọ́fíìsì. Ó ṣí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí àwọn àlàfo náà, ọ̀kan lábẹ́ òmíràn, funfun, funfun, dé ìsàlẹ̀. Kò lè wò wọ́n. Ó tẹ òdo sí àkọ́kọ́. Ó tẹ òdo sí ìkejì. Àṣẹ kan ṣoṣo ì bá ti kún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló fi tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀sán títí wọ́n fi wá gbálẹ̀. Ó ní, "Lọ́la, màá tún un ṣe." Ọ̀la yẹn ló ti pé ọdún mẹ́jọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Èyí kò tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Ìbànújẹ́ ni, ó kàn wọ aṣọ nọ́ńbà ni.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti gbàgbọ́ pé àfonífojì tó bá wà lábẹ́ òjìji, tí omi ń dúró sí, kì í wú. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀.

Bàbá Yìnyín yọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá náà kúrò, ó ní kí ìṣirò tún bẹ̀rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wò ó. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ń jẹ bisikíìtì rẹ̀ láìtọrọ. Nígbà tó parí, àfonífojì náà ti pọ́n.

"Mélòó ló fún yín?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ilé tí ọmọ mi ń kọ́."

Bisikíìtì dúró lẹ́nu obìnrin náà. "Wọ́n ti ri òpó?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀."

Ohun tó wà nílẹ̀ yé àwọn méjèèjì. Oṣù méjì péré ló kù kí yìnyín bo ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òpó kò bá dúró lọ́sẹ̀ náà, iṣẹ́ á di ọdún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ náà á sì wá ọ̀kọ́lé mìíràn. Bí òpó bá sì dúró níbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò á máa sùn lórí ẹ̀yìn màlúù. Ọkùnrin náà tún wo nọ́ńbà rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló máa wú. Ìyẹn ni pé mọ́kàndínlógójì kò ní wú. Mọ́kàndínlógójì kì í ṣe nọ́ńbà kékeré. Èèyàn lè bá a gbé. Èèyàn lè fi í fẹ̀yìn tì ní ìparí ọdún, kó gba àwo tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, kó lọ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mẹ́rin.

"Ẹ pè é," ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé wí.

"Ọjọ́bọ̀ lòní."

"Ṣé fóònù kì í dún lọ́jọ́bọ̀ ni?"

"Màá kọ́kọ́ rí ọ̀gá."

Ọ̀gá jẹ́ obìnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlógún kéré sí i. Bàbá Yìnyín ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá ní kó jókòó. Kò jókòó. Ó rò ó fún un lórí ìdúró, bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ fèrèsé.

"Ta ló tún mọ̀, Bàbá?"

"Arìnlẹ̀ wa mọ̀. Èmi mọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀, àmọ́ òun kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í."

"Ẹ mọ̀ pé máàpù yẹn wà lára ògiri ọ́fíìsì mẹ́tàdínlógún?"

"Mo mọ̀."

"Ó wà lórí kàlẹ́ńdà wa. Oṣù kẹjọ."

"Mo rí i. Àwọ̀ rẹ̀ dára."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. "Ká ní ẹlòmíràn ni, màá mọ ohun tí mo máa sọ. Tí ó bá di oṣù tó ń bọ̀, a lè rọra fi ìwé ránṣẹ́, pé a ti ṣe àtúnṣe díẹ̀."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní dúró de oṣù tó ń bọ̀."

"Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀kọ́lé lónìí, nígbà náà. Orúkọ yín ni kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ o, kì í ṣe tèmi."

"Ọmọ mi ni ọ̀kọ́lé."

"Áà," ni ọ̀gá wí. Ó dìde, ó fi yàrá náà sílẹ̀ fún un, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọmọ rẹ̀ tó gbé e.

"Bàámi? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ọjọ́bọ̀ lòní."

"Wọ́n ti sọ fún mi."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú fóònù, ẹnì kan sì ń kan ìṣó lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣàlàyé. Kò mọ bí a ṣe ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láìsí nọ́ńbà, nítorí náà nọ́ńbà ló sọ.

"Ẹ dúró ná. Mẹ́rin lẹ sọ fún wa."

"Mẹ́rin ni mo sọ."

"Ó ti wá di mélòó?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

"Kí ló yí padà? Ilẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ wà bó ṣe wà. Èmi ni mo kọ òdo síbi tẹ́nikẹ́ni ò dé."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka àtẹ̀gùn? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?"

Ó lè sọ pé kọ̀ǹpútà kì í gba àlàfo. Òótọ́ ni. Ó ti ṣí ẹnu láti sọ ọ́.

"Ọ̀sẹ̀ kejì tá a sin ìyá rẹ ni."

Ìṣó ń dún lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà ní: "Ẹ ní ẹ wà nílé nígbà yẹn. Mo ní kí n wá, ẹ ní kí n má ṣèyọnu, pé èèyàn ń wọlé wá kí yín, pé kò sáyè."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Èèyàn mélòó ló wá?"

Bàbá Yìnyín ronú, nítorí pé kì í fi iye nǹkan ṣeré. "Ajá òdìkejì," ló ní.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àbí afẹ́fẹ́ ni. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti le.

"Bàámi, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún mi? Igi ti wà nílẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ló ń wo ẹnu mi. Tí mo bá sún ilé yìí, wọ́n á ní ọmọdé ni mo ṣì jẹ́, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Tí n ò bá wá sún un ńkọ́?"

"Mọ́kàndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún pé nǹkan kan ò ní ṣe é."

"Mi ò bèèrè ìyẹn. Èyí tó kù ńkọ́?"

"Á wú. Bóyá lọ́dún kẹta, bóyá lọ́dún kẹwàá. Ògiri á là. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ á kọ́kọ́ rò pé ìjì ni."

Ọmọ náà ní òun máa fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ náà wò. Ó gé fóònù. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ọkùnrin náà ti mú ìwé pélébé jáde láti kọ ọ́ kí ojú tó tì í.

Ọjọ́ Ẹtì, kò sí ohùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí. Lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó láti aago mẹ́ta ààbọ̀, sórí àga tí ó kàn, ó gbé fóònù sí àárín tábìlì, ó gbé ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin lù. Ó yẹ fóònù wò bóyá ó ti kú, kò kú. Láti ẹ̀yìn ògiri, ó gbọ́ tí rédíò ẹnì kan ń ka èsì bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ yìí méjì, ẹgbẹ́ yẹn òdo, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán láìmọ ẹgbẹ́ kankan nínú wọn. Nígbà tó di aago mẹ́fà, ó ṣí ìwé sí ìlà ọjọ́ náà, ó gbé bírò. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ òdo síbẹ̀. Ó gbé bírò náà dúró lókè ìwé títí tàdáwà rẹ̀ fi kán díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé e, ó pa ìwé náà dé bẹ́ẹ̀, ó lọ fọ ife kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá, ó lọ. Ní ọ́fíìsì, ẹnì kan ti rọra ya oṣù kẹjọ kúrò lára kàlẹ́ńdà, nítorí náà ọ́fíìsì náà ń lo oṣù kẹsàn-án ṣáájú gbogbo ayé. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń sọ pé "Bàbá Yìnyín, ẹ wá bá wa wo èyí" kò wá mọ́. Kì í ṣe ìkórìíra. Wọn kò mọ ojú tí wọ́n máa fi wò ó ni. Ó jẹun ọ̀sán ní ìdojúkọ ìkòkò òdòdó tó wà lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́rú, fóònù dún.

"Mo gún un níbi márùn-ún," ni ọmọ rẹ̀ wí, láìkí i. "Mẹ́rin wọlé bí ọ̀bẹ wọ ọṣẹ. Ìkarùn-ún dé ìwọ̀n apá kan, ó dún *kì*, ó dúró."

"Òkúta ni àbí yìnyín?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi."

"Mi ò mọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó."

"Mo mọ iṣẹ́ yín, Bàámi." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti sún un. Ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀, sórí àpáta. Yàrá mẹ́ta ti di méjì. À ń lu òkúta láti àárọ̀, ọwọ́ gbogbo wa ti bó. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbéṣẹ́ fún mi wá lánàá, ọkùnrin méjì, bàtà wọn mọ́ tónítóní. Wọ́n ní ta ló ní kí n sún un. Mo ní ẹni tó ya máàpù. Wọ́n ní ta ni. Mo ní bàbá mi ni."

"O ì bá má sọ ìyẹn."

"Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó sọ mẹ́rin lánàá tó sọ mọ́kànlélọ́gọ́ta lónìí, kí ló máa sọ lọ́la? Wọ́n ní ṣé ó tilẹ̀ ti dé ibí rí."

Bàbá Yìnyín di fóònù náà mú. "Kí lo sọ?"

"Mo ní ó ń bọ̀."

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó dákẹ́.

"Wọ́n ní tó bá wá, tó dúró lórí ilẹ̀ náà, tó fi ìka tọ́ka fún àwọn pé ibí ló ń wú, ibí ni kò wú, àwọn á jẹ́ kí n parí iṣẹ́. Tí kò bá wá, kí n kó irinṣẹ́ mi. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń padà bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin yín ń gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, aago méje àárọ̀. Mo ti wò ó. Ibùsùn kan wà. Ó tutù o."

"Tí mo bá débẹ̀ tí mi ò wá lè dá a mọ̀ ńkọ́? Lójú ara ilẹ̀? Lórí máàpù ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n."

Kò mọ̀ ọ́n. Ó gbìyànjú lójú ẹsẹ̀, nínú orí, ó sì rí i pé kò ní ìlà kankan tó lè fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í rí ogójì ọjọ́ tó máa fi wò ó.

Ó lọ bá Ẹsẹ̀-ò-gbélé nílé rẹ̀, ó bá a tó gbé orúnkún lé àpótí. Obìnrin náà kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ òkìtì tó ṣì ń wú: koríko orí rẹ̀ á là bí ètè ní ọyẹ́, ilẹ̀ á sì máa dún gbà-gbà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ yéé kọ ọ́," ni obìnrin náà ní. "Ẹ máa fetí sí ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ má sì wọ bàtà ọ́fíìsì yẹn lọ o, wọ́n á rò pé ẹ wá wọ́n ilẹ̀ fún ìsìnkú."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó wọ ìsọ̀ bàtà kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tó sì mọ ọjà rẹ̀. Ó gbé oríṣi bàtà aláwọ méjì jáde. Ọ̀kan le ní àtẹ́lẹsẹ̀ bí pákó, ti orí àpáta ni. Èkejì rọ̀, ó fẹ̀, ti ilẹ̀ tó máa ń yẹ̀ lábẹ́ èèyàn. Èyí tó le kì í dára nínú ẹrẹ̀, èyí tó rọ̀ kì í dára lórí òkúta, wọn kì í sì í gbà á padà tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ jáde.

"Ibo lẹ ń lọ, Bàbá?"

Ó dárúkọ ibẹ̀. Ó sọ orúkọ àfonífojì náà gan-an, bó ṣe ga tó, bí oòrùn ṣe ń yọ sí i.

"Háà, ẹ mà mọ ibẹ̀ o!" Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ti ki ẹsẹ̀ Bàbá Yìnyín kan sínú ọ̀kan nínú àwọn bàtà náà, ó sì ń fa okùn rẹ̀. "Lẹ́ẹ̀mélòó lẹ ti lọ? Ó dáa, ẹ sọ fún mi kí n lè mọ èyí tí màá dì fún yín: ilẹ̀ ibẹ̀, ṣé ó le ni àbí ó rọ̀?"

Aago márùn-ún kù díẹ̀, wọ́n fẹ́ ti ìsọ̀, ẹni méjì sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá a dé ibí, kí ni ẹ máa ní kó sọ fún ọmọbìnrin náà?